Kóstá Ríkà: ìbéèrè tí àwọn tó fẹ́ lọ kàwé níbẹ̀ máa ń bi mí

Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹnì kan á ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ mọ̀ nípa Kóstá Ríkà?" Nígbà mìíràn, ọmọ tó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni. Nígbà mìíràn, òbí tó ń wá ibi tí owó rẹ̀ máa ká ni. Àwọn tí Kánádà ti já kulẹ̀ náà pọ̀ nínú wọn. Mo ti tẹ ìdáhùn kan náà títí ó fi sú àtàǹpàkò mi, ni mo bá ní kí n kó gbogbo rẹ̀ síbì kan. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ sí, màá jókòó tì í. Ibi tí kò bá sí nǹkan kan, màá kọjá.

Ibo gan-an ni Kóstá Ríkà wà?

Àárín Amẹ́ríkà ni, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọrùn láàárín Amẹ́ríkà ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Nikarágúà wà lápá òkè rẹ̀, Panamá wà nísàlẹ̀, òkun Karibéánì wà ní ìlà-oòrùn, Pàsífíìkì sì wà ní ìwọ̀-oòrùn. Kì í ṣe Puerto Rico o! Puerto Rico wà lábẹ́ Amẹ́ríkà. Kóstá Ríkà ti bọ́ lọ́wọ́ Sípéènì láti 1821.

Ilẹ̀ náà kò ju nǹkan bíi 51,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ, ìyẹn ni pé Nàìjíríà tó ìlọ́po 18 rẹ̀. Àwọn èèyàn ibẹ̀ lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 5. Èkó nìkan á gbé wọn mì, á sì tún wá omi mu lé e. San José ni olú ìlú.

Ṣé ibẹ̀ tutù?

Ní etíkun, ooru ibẹ̀ dà bíi tiwa. San José wà lórí òkè tó ga ju 1,100 mítà lọ, nítorí náà ẹ mú súwẹ́tà kan dání fún alẹ́. Ìgbà òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n ní, bíi tiwa. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìgbà òjò, láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún sí oṣù Kọkànlá, ni wọ́n ń pè ní òtútù, tí wọ́n sì ń pe oṣù Kejìlá sí oṣù Kẹrin, tí oòrùn ń ràn, ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tó jẹ́ pé oṣù Kejìlá yẹn gan-an ni yìnyín ń bọ́ ní Nẹ́wù Yọ́ọ̀kì tí àwọn náà ń wò lórí tẹlifíṣàn. Lápá Karibéánì, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìgbà.

Ṣé òótọ́ ni pé wọn ò ní ṣọ́jà?

Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kejìlá, ọdún 1948, José Figueres Ferrer gbé òòlù ńlá kan, ó fi lu ògiri bárékè Bellavista ní San José, ó ní òun ti tú ẹgbẹ́ ológun ká. Wọ́n sọ bárékè náà di Mùsíọ́mù orílẹ̀-èdè. Títí di òní, ojú ihò ọta ìbọn ṣì wà lára ògiri rẹ̀. Ìwé òfin tí wọ́n ṣe ní 1949 wá fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ ní abala 12: kò sí ẹgbẹ́ ológun tí yóò máa wà títí. Ọlọ́pàá wà, wọ́n sì ń gbé ìbọn. Ẹ má lọ rò pé pàṣán ni wọ́n fi ń lé olè.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n pa á ní àlọ́ fún yín. Ogun ló bí i. Wọ́n dìbò ààrẹ ní oṣù Kejì 1948, wọ́n ní Otilio Ulate ló wọlé, ilé aṣòfin sì fagi lé ìbò náà. Ẹni tó bá ti mọ June 12 kò nílò kí n ṣàlàyé bí ìyẹn ṣe ń rí lára aráàlú. Figueres kó èèyàn jọ, wọ́n jà fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nǹkan bí 2,000 èèyàn sì bá a lọ, ní ilẹ̀ tí èèyàn inú rẹ̀ kò tíì tó mílíọ̀nù kan nígbà náà. Ẹni tó ṣẹ́gun ló tú ológun ká, ológun tó ṣeé ṣe kó yí padà lé òun náà kúrò lórí àga. Ọgbọ́n òṣèlú wà nínú rẹ̀, mi ò sì rò pé ìyẹn bu iyì rẹ̀ kù. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ó tú wọn ká tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ fi gba ẹnu ààlà Nikarágúà wọlé wá bá a. Àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ló bá a dá wọn padà. Ohun tí mo fi ń yìn ín jù ni pé ó ṣèjọba fún oṣù 18, ó sì gbé e fún Ulate, ẹni tí aráàlú dìbò fún. Ẹ ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ló wá kan ilé ẹ̀kọ́ nínú ọ̀rọ̀ ṣọ́jà?

Ó kàn án púpọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn láti máa sọ pé olùkọ́ làwọn ní dípò ṣọ́jà. Bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ wọn sí ilé ẹ̀kọ́ ti pẹ́ ju 1948 lọ dáadáa. Ọdún 1869 ni wọ́n ti fi sínú òfin pé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ àti dandan. Ní 1955 ni Awólọ́wọ̀ àti àwọn èèyàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tiwa ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ẹ lè fi ṣe ìwọ̀n. Nígbà tó di 1888, mínísítà kan, Mauro Fernández, tilẹ̀ ti yunifásítì kan ṣoṣo tí wọ́n ní pa, Santo Tomás lorúkọ rẹ̀, kí owó lè lọ sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìsàlẹ̀. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ òfin nìkan ló ń bá iṣẹ́ lọ dáadáa. Ó lé ní àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó tún ní yunifásítì tó péye, ìyẹn Universidad de Costa Rica, tí gbogbo èèyàn ń pè ní UCR, ní 1940.

Ṣé ohun tó dáa ni Fernández ṣe? Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí rẹ̀. Èmi rí i báyìí: ọmọ àgbẹ̀ tó mọ̀wé kà ní abúlé kọfí kò ní jẹ́ kí ọmọ olówó tó lọ kàwé ní Yúróòpù máa kọ ìwé fún òun. Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, tí ìjọba fi ń bẹ̀rù aráàlú ní ọjọ́ ìdìbò, gbòǹgbò rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àwọn ilé ẹ̀kọ́ wo ni àjèjì lè lọ?

Ìbéèrè tó gùn jù nìyí. Ilẹ̀ yẹn kéré, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún gbogbo ayé pọ̀ níbẹ̀ débi pé ó máa ń yà mí lẹ́nu.

Èyí tí orúkọ rẹ̀ kọ́kọ́ máa ń wá sí ẹnu ni Yunifásítì Àlàáfíà, UPEACE. Ààrẹ wọn nígbà náà, Rodrigo Carazo, ló gbé àbá rẹ̀ wá, àpéjọ gbogbogbòò UN sì fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá 1980. Inú igbó El Rodeo ló wà, nítòsí Ciudad Colón, ọ̀nà tí kò jìn sí San José. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni, dígírì kejì àti òkè rẹ̀ ni iṣẹ́ wọn: òfin àgbáyé, ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ọ̀rọ̀ àyíká, bí a ṣe ń parí ìjà. Ẹ gbọ́ o, orúkọ UN tó wà lára rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé UN ló ń sanwó rẹ̀. Kọ́bọ̀ kan kì í tinú owó ìṣúná UN wá síbẹ̀. Owó ilé ẹ̀kọ́ àti ọrẹ ni wọ́n fi ń gbéra. Ẹni tó bá ń rò pé ọ̀fẹ́ ni nítorí UN, kó yáa tún èrò rẹ̀ ṣe kí ó tó kọ fọ́ọ̀mù.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù ni EARTH, ní Guácimo, ẹkùn Limón. Ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ ni. Wọ́n ṣòfin rẹ̀ ní 1986, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọlé ní 1990. Ọdún mẹ́rin ni. Lóòótọ́, wọ́n ń jókòó ní kíláàsì, àmọ́ wọ́n tún ń wọ bàtà òjò lọ sí oko ní òwúrọ̀. Wọ́n ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n ń sin ẹran, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń fi ìgbẹ́ ẹran dáná. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a kó ara jọ ní ẹgbẹ́, wọ́n á yá owó lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á dá òwò kékeré sílẹ̀, wọ́n á tà, wọ́n á san gbèsè, èrè á sì jẹ́ tiwọn. Bí òwò bá bàjẹ́, wọ́n á mọ ìdí tó fi bàjẹ́. Mo mọ àwọn tó ka iṣẹ́ àgbẹ̀ gboyè nílé wa tí ọkọ́ kò kàn wọ́n lọ́wọ́ rí, kí n má pa irọ́.

Ní Turrialba, CATIE wà níbẹ̀, fún dígírì kejì àti ìkẹta nínú ọ̀rọ̀ igbó, omi, koko àti kọfí. Láti 1942 ni ilé ìwádìí ti wà níbẹ̀, wọ́n sì ti ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní oyè gíga láti 1946. Ìtàn kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá ní sùúrù. Kọfí kan wà tí wọ́n ń pè ní Geisha. Ìlú Etiópíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ kó o, ó gba Tàǹsáníà, ó dé Turrialba ní 1953, ó jókòó jẹ́ẹ́ láàárín àwọn kọfí yòókù. Wọ́n mú un lọ sí Panamá, ní 2004 ó sì gba ipò kìíní ní ìdíje wọn níbẹ̀, owó rẹ̀ fò sókè, ó di kọfí àwọn ọlọ́lá. Ọmọ Áfíríkà tó lọ kàwé lókè òkun, tó sì ṣe orúkọ, ni kọfí yẹn lójú mi.

Fún àwọn ọmọ tó ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, UWC (United World College) wà ní Santa Ana láti 2006. Ọdún méjì ni, ìwé ẹ̀rí IB (International Baccalaureate) ni wọ́n ń gbà, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ti Sípéènì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Àwọn ìgbìmọ̀ tó wà ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló sábà máa ń yan ọmọ, nítorí náà kì í ṣe Kóstá Ríkà lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. INCAE ní Alajuela wà fún òwò, àwọn ènìyàn Harvard ló bá wọn dá a sílẹ̀ ní 1964. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo ti sọ ọ́, ó tó.

Yunifásítì ìjọba márùn-ún ni wọ́n ní. Yàtọ̀ sí UCR, UNA wà ní Heredia, TEC wà ní Cartago, UNED jẹ́ ti ẹ̀kọ́ àtọ̀nàjínwá, UTN ló kéré jù lọ́jọ́ orí. Wọ́n ń gba àjèjì, ṣùgbọ́n èdè Sípéènì ni, ìdánwò àbáwọlé sì le.

Ṣé dandan ni kí n gbọ́ èdè Sípéènì?

Fún UPEACE, rárá. Fún EARTH àti yunifásítì ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń lọ EARTH máa ń kọ́kọ́ fojú winá èdè fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó lè bá àwọn tó kù rìn. Kódà bí ẹ bá lọ UPEACE, ẹni tí kò gbọ́ Sípéènì kò ní mọ ohun tó ń lọ nígboro. Á kàn máa gbé láàárín àwọn àjèjì ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó wà ní òtẹ́ẹ̀lì.

Ohun kan wà tí ọmọ Yorùbá á tètè mọ̀ lára nínú èdè náà. Sípéènì ní "o" àti "ẹ" bíi tiwa. "Usted" ni "ẹ". Níbi púpọ̀, àgbà àti àlejò ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ní Kóstá Ríkà, wọ́n ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn: ìyá ń pe ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ní "usted", ọ̀rẹ́ ń pe ọ̀rẹ́, mo sì ti gbọ́ ọ tí wọ́n fi ń bá ajá wí. Ẹ fojú inú wò ó: "Ẹ jáde nínú ìdọ̀tí yẹn, ẹ̀yin ajá yìí!"

Sikọ́láṣípù ńkọ́?

Ó wà, pàápàá ní EARTH, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba ìrànlọ́wọ́ owó. Mastercard Foundation náà ti bá EARTH ṣiṣẹ́ lórí àwọn ọmọ Áfíríkà. UWC máa ń wo ohun tí òbí lè san, wọ́n á sì fi kún un. Ní UPEACE, ẹ̀dínwó ni ẹ ó máa rí ju ọ̀fẹ́ pátápátá lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun lè bá yín "gba" sikọ́láṣípù, ẹ pa fóònù náà.

Físà àti ìwé?

Ọmọ Nàìjíríà nílò físà. Bí ẹ bá ní físà Amẹ́ríkà tó ṣì dáa, ó lè mú ìwọlé rọrùn fún ìbẹ̀wò kúkurú, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe físà akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má gbára lé e. Ilé ẹ̀kọ́ tó gbà yín ni kí ẹ kọ́kọ́ bi, torí àwọn ló mọ ọ́fíìsì tó ń ṣe tiyín. Ẹ múra ìwé ìbí, ìwé ọlọ́pàá pé ẹ kò ní ẹ̀sùn lọ́rùn, àti ìwé ẹ̀rí. Ẹ ó tú gbogbo rẹ̀ sí Sípéènì lọ́wọ́ ògbufọ̀ tí ìjọba mọ̀. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, èyí tó ní àwọ̀ ìyeyè, kò ṣeé fi ṣeré: ẹ gba abẹ́rẹ́ náà ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú o, ẹ yé mi.

Ṣé mo lè máa ṣiṣẹ́ gba owó níbẹ̀?

Rárá. Ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe ìwé iṣẹ́. Owó ibẹ̀ sì wọ́n ju èyí tí ojú ń rí lọ. Ẹni tó rò pé nítorí pé ibẹ̀ kò dé Yúróòpù ni ilé gbígbà á fi dọ́pọ̀, San José á kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Ṣé mo lè bá wọn wọ́de, tàbí dá sí òṣèlú wọn?

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn kì í ronú kàn títí tí wọ́n fi ń bọ́ sí wàhálà nìyí. Abala 19 ìwé òfin wọn sọ pé àjèjì ní ẹ̀tọ́ àti ojúṣe bíi ti ọmọ ilẹ̀, àyàfi ohun tí òfin bá yọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ni pé àjèjì kò gbọ́dọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ òṣèlú ilẹ̀ náà. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé òfin fúnra rẹ̀, kì í ṣe òfin kékeré kan tí ẹnì kan dọ́gbọ́n rọ síbì kan.

Ìyẹn kò ní kí ẹ di afọ́jú. Ẹ lè wò, ẹ lè béèrè, ẹ lè bá aládùúgbò jiyàn nídìí kọfí. Ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti gbogbo Amẹ́ríkà wà ní San José láti 1979, ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ sì máa ń ṣí sílẹ̀ fún aráàlú. Ẹni tó ń kọ́ òfin tí kò lọ jókòó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, owó ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ ṣòfò. Ṣùgbọ́n kí ẹ gbé àsíá ẹgbẹ́ òṣèlú, kí ẹ máa pín ìwé ìpolongo, kí ẹ gba makirofóònù ní ìwọ́de: ẹ dákẹ́. Àwọn ọmọ wa tí ẹnu ti mọ́ lára nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nílé ni èyí máa ń le fún jù.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dìbò?

Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejì ni, ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹni tó bá ní ju ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò lọ ló wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá sí, ẹni méjì tó ṣáájú á tún fẹsẹ̀ wọnsẹ̀. Ilé aṣòfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní, aṣòfin 57, kò sì sí èyí tó lè tún dù ú lẹ́ẹ̀kejì tẹ̀léra. Ààrẹ náà kò lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra. Tribunal, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó ìbò, lágbára débi pé ní àkókò ìdìbò, abẹ́ àṣẹ wọn ni ọlọ́pàá ń wà. Mo mọ̀ pé ìyẹn á ya àwa lẹ́nu.

Ohun tó wú mi lórí jù ni ti àwọn ọmọdé. Ní ọjọ́ ìdìbò, àpótí ìbò máa ń wà fún àwọn náà, wọ́n á to ìlà, wọ́n á dìbò tí kò ka nǹkan kan ṣùgbọ́n tí wọ́n mú bí ohun gidi. Mùsíọ́mù àwọn ọmọdé ní San José wà lára àwọn tó máa ń ṣètò rẹ̀. Ilé yẹn, ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀ rí kí wọ́n tó sọ ọ́ di mùsíọ́mù ní 1994. Bárékè di mùsíọ́mù, ẹ̀wọ̀n di ibi ìṣeré ọmọdé.

Bákan náà ni ti òmìnira wọn: ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹsàn-án, bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá lù, gbogbo èèyàn á dúró níbi tí wọ́n bá wà, wọ́n á kọ orin orílẹ̀-èdè, àwọn ọmọ ilé ìwé á sì gbé àtùpà tí wọ́n fi páálí àti bébà ṣe káàkiri àdúgbò. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ilé ìwé náà ló ń yan ní òpópónà, pẹ̀lú ìlù. Kò sí ọkọ̀ ogun. Àjèjì lè bá wọn ṣe ìyẹn, kò sí abala òfin kankan tó dí i.

Wọ́n ní ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún ọrọ̀ ilẹ̀ náà ni ẹ̀kọ́ ń jẹ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Abala 78 sọ pé owó tí ìjọba ń ná lórí ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 8, wọ́n sì fi kún un tó bẹ́ẹ̀ ní 2011. Ní òótọ́, owó náà kò dé ibẹ̀, ó tún ń lọ sílẹ̀ ni láwọn ọdún àìpẹ́ yìí. Ọdọọdún ni àwọn ọ̀gá yunifásítì àti ìjọba ń fa owó tí ìjọba ń fún àwọn yunifásítì, tí wọ́n ń pè ní FEES, mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ọdọọdún sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ́de lọ sí ilé aṣòfin. Ohun tó yàtọ̀ sí tiwa ni pé ẹ ó máa rí ọ̀gá àgbà yunifásítì fúnra rẹ̀ níwájú, tó ń fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

Wọn kì í sì fẹ́ kí ọlọ́pàá wọ inú ọgbà yunifásítì, torí abala 84 fún wọn ní òmìnira. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹrin 2010, àwọn ọlọ́pàá olùṣèwádìí wọ UCR láti mú ẹnì kan, ó di ìjà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ di èrò àtìmọ́lé, gbogbo orílẹ̀-èdè sì fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ jiyàn lórí rẹ̀.

Ṣé ibẹ̀ kò léwu?

Ó léwu ju bí ìwé arìnrìn-àjò ṣe ń polongo rẹ̀ lọ. Ní 2023, iye àwọn tí wọ́n pa lé ní 900, kò sí irú rẹ̀ rí nínú àkọsílẹ̀ wọn. Oògùn olóró tó ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí òkè ló fa púpọ̀ nínú rẹ̀, Limón sì wà lára ibi tó ti burú jù. Ẹ má ṣe rìn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ lálẹ́. Ohun tí ẹ ń ṣe ní Ọ̀ṣọ́dì náà ni.

Ṣé èèyàn dúdú wà níbẹ̀?

Wọ́n wà, wọ́n sì pọ̀ ní Limón. Láti àwọn ọdún 1870 ni wọ́n ti kó àwọn ará Jàmáíkà wá la ọ̀nà rélùwéè láti àárín ilẹ̀ wá sí etíkun. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ United Fruit fi wọ́n sí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Marcus Garvey fúnra rẹ̀, ọmọ Jàmáíkà tó jà fún ẹ̀tọ́ èèyàn dúdú, ṣiṣẹ́ ní Limón ní nǹkan bí 1910, ohun tó fojú rí níbẹ̀ sì wà nínú ohun tó mú un dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ilé ńlá tí ẹgbẹ́ náà kọ́ síbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Black Star Line, jóná ní oṣù Kẹrin 2016. Ó dun ọ̀pọ̀ èèyàn.

Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tún wọ ibí yìí. Àwọn ará Limón ní ilé ẹ̀kọ́ tiwọn, tí ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ, nítorí wọ́n gbà pé àwọn máa padà sí Jàmáíkà. Ìjọba náà kò kà wọ́n sí ọmọ ilẹ̀. Lẹ́yìn 1948 ni ọ̀nà ṣí fún wọn láti di ọmọ ilẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ Sípéènì ló gba ipò ti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ dìbò, wọ́n sì ń gbàgbé èdè ìyá àgbà wọn díẹ̀díẹ̀. Owó tí wọ́n fi ra ìwé ọmọ ilẹ̀ nìyẹn. Ní 1953, Alex Curling di aṣòfin dúdú àkọ́kọ́. Ní 2015, wọ́n yí abala kìíní ìwé òfin padà kí ó lè sọ pé ilẹ̀ onírúurú ẹ̀yà ni. Ní 2018, Epsy Campbell Barr di igbákejì ààrẹ.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó bá débẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ bá yín sọ Gẹ̀ẹ́sì Limón, wọ́n á rò pé ọmọ àdúgbò ni yín. Ó dáa. Ní San José, ẹ̀ṣọ́ ilé ìtajà lè máa tẹ̀ lé yín kiri. Kò dáa, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀.

Kí ni màá máa jẹ?

Ìrẹsì àti ẹ̀wà, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Gallo pinto ni wọ́n ń pe ti òwúrọ̀. Ní Limón, omi àgbọn ni wọ́n fi ń sè é, èyí ló dùn jù. Ẹ ó rí ẹ̀gẹ́, ẹ ó rí ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, ata ló máa sọnù. Ẹ gbé ata gígún dání. Ní Limón, ẹ béèrè ackee: iṣin wa ni, tí ọkọ̀ ojú omi gbé lọ sí Jàmáíkà láyé ẹrú, tí àwọn ará Jàmáíkà tún gbé dé ibẹ̀. Ẹja gbígbẹ oníyọ̀ ni wọ́n fi ń sè é.

Báwo ni màá ṣe rí ilé tí mo ń lọ?

Ọ̀pọ̀ òpópónà ni kò ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni ń pè, ilé kò ní nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ń lò. Àdírẹ́sì ni pé: láti ṣọ́ọ̀ṣì, 200 mítà sí àríwá, 50 mítà sí ìlà-oòrùn, ilé aláwọ̀ ewé. Ọgọ́rùn-ún mítà túmọ̀ sí igun òpópónà kan, kì í ṣe ohun tí ẹ máa fi téèpù wọ̀n. Ẹni tó dàgbà ní Ìbàdàn, tó ti máa ń sọ pé "tí ẹ bá ti rí mọ́ṣáláṣí ẹ yà sọ́tùn-ún", ti mọ̀ ọ́n tán. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé nǹkan tí wọ́n fi ń júwe ọ̀nà lè ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ní San Pedro, lẹ́bàá UCR, àwọn èèyàn á sọ fún yín pé kí ẹ bọ́ọ́lẹ̀ ní "igi ọ̀pọ̀tọ́ àtijọ́". Ẹ má ṣe wá igi kankan. Wọ́n ti gé e. Ẹ kàn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún onítakisí, ó mọ̀ ọ́n.